Ìyá Sikiru ní mo bomi sí iyọ̀

Wọ́n pè mí ní olè lónìí, èmi tí iyọ̀ mi mọ́ jù ní Mile 12.
Ìyá Sikiru, aládùúgbò wa, gbé iyọ̀ tí mo tà fún wọn padà wá. Ó ti ń ṣomi.
"O bomi sí i kó lè kún kóńgò."
"Mummy, ẹ ò dé e ni. Iyọ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ tójò bá ń rọ̀."
"Ìwọ tó sá kúrò ní JSS two?"
Mo da iyọ̀ gbígbẹ sórí tíréè níṣojú wọn. Kí wọ́n tó ra ata dé, ó ti tutù.
Wọ́n ní, "O ti tún bomi sí i."
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, abeg, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀.