Ilẹ̀ Wákàtí Mẹ́fà

"Titiu, kí ni ilẹ̀ ṣe yín tí ẹ fi ń sá fún un?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo bi Titiu Inas ní ìbéèrè yìí. Orí àtẹ̀gùn ilé wọn ni mo jókòó sí. Wọ́n ń fi okùn di báàgì wọn, nítorí pé mọ́tò tó máa gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú ti fẹ́ dé. Titiu ni àwa ọmọdé máa ń pe ọkùnrin tó bá bàbá wa ṣẹgbẹ́. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà láti bi wọ́n léèrè. Nílé wa, ológbò ni wọ́n ń pè mí, torí pé bí mo bá wọlé, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti rí Tia Konsu, ìyàwó wọn, tí wọ́n ń sunkún nínú ilé ìdáná. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan ro ọbẹ̀ ẹja, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kejì nu ojú. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Titiu dáwọ́ okùn dúró, wọ́n wò mí.

"Ìbéèrè ńlá nìyẹn, Avelin. Jẹ́ kí n lọ rò ó."

Mọ́tò fọn fèrè níta, wọ́n sì lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà lókun lọ́dún yẹn. Nígbà tí wọ́n dé, wọn ò dá mi lóhùn, èmi náà ò sì lè béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Ní Salsete, agbègbè etí òkun tiwa níbí, ṣàṣà ni ilé tí kò ní ẹni kan lójú òkun. Ọkùnrin tí kò bá sí nílé, a kì í béèrè ibi tó lọ. Oṣù tó máa dé là ń béèrè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Titiu Inas fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, irú èyí tó ga bí ilé alájà mẹ́rìnlá, tí àwọn èèyàn máa ń wọ̀ kiri láti èbúté dé èbúté torí fàájì nìkan. Yàrá mẹ́rìndínlógún ló wà níkàáwọ́ Titiu. Wọ́n á fọ balùwẹ̀, wọ́n á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wá fi táwẹ̀lì ká ẹranko sórí bẹ́ẹ̀dì náà: erin, ọ̀bọ, pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn. Kò sí ọmọ kankan ládùúgbò wa tí kò gba erin táwẹ̀lì rí. Mo tọ́jú tèmi títí màmá mi fi tú u, tí wọ́n fi nu orí àbúrò mi.

Bí ọkọ̀ bá dúró ní èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ náà lè sọ̀ kalẹ̀ tí iṣẹ́ bá gbà wọ́n láyè. Àmọ́ wákàtí mẹ́fà ló pọ̀ jù. Nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọkọ̀ ṣí, kí kálukú ti wà nínú ẹ̀. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Titiu máa ń sọ ìtàn alásè kan fún wa, ọmọ abúlé kejì sí tiwa, tó dúró ra bàtà fún ìyàwó ẹ̀. Nígbà tó padà dé etí omi, ìdí ọkọ̀ ló rí tó ń lọ, òun àti bàtà sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Titiu ní ìwé kékeré aláwọ̀ búlúù kan. Bí wọ́n bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí èrò tó ni yàrá bá wà níbẹ̀, wọ́n á bi í pé: "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ ò bá wọ ọkọ̀ ojú omi, níbo lórí ilẹ̀ lẹ máa ń lọ sinmi?" Ohun tó bá sọ ni Titiu á kọ sílẹ̀. Rélùwéè tó ń gun òkè oníyìnyín. Ìlú tó kún fún àpáta. Aṣálẹ̀ tí ràkúnmí ti ń gbéni. Wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ẹnu máa ń ya àwọn: àwọn èèyàn tó fẹ́ràn òkun jù lọ ló tún mọ ilẹ̀ jù lọ.

Torí Tia Konsu ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Tia ò lè wọ ọkọ̀ ojú omi rárá. Pàǹtọ́ọ̀nù tó ń gbé wa sọdá odò, kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ Tia á ti bì kó tó dé òdìkejì. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí Titiu bá pè láti ojú òkun, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń parí ẹ̀: "Tí mo bá ti fẹ̀yìn tì, Konsu, orí ilẹ̀ la máa rìn. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

Wọ́n fẹ̀yìn tì nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìlú orí òkè kan ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ márùn-ún ló yẹ kí wọ́n lò. Ọjọ́ kejì ni a rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Tia Konsu wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, níbi tí èmi àti màmá mi ti ń bó edé.

"Bí agogo mẹ́rin ṣe lù báyìí, ara ọkọ mi ò balẹ̀ mọ́," ni Tia wí. "Ó wo aago, ó wo ọ̀nà. A ò tíì dé ibi tí wọ́n ní ká ti wo àfonífojì, ó ní ká máa padà. Mo ní, padà síbo? Ó ní, Konsu, kí wọ́n má fi wá sílẹ̀! Ta ló fẹ́ fi wá sílẹ̀? Ṣé òkè ń lọ síbì kan ni?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìyẹn kọ́ o. Ó tún tẹ́ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì fún wọn. Ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe wọlé, ó bá ọ̀bọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó figbe ta."

Tia náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró dè é," ni wọ́n sọ fún màmá mi. "Ó ti dé, kò sì tíì dé."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìlú àpáta ni wọ́n lọ. Bákan náà ló rí. Titiu rìn kíákíá, wọ́n rí gbogbo ẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa," bí ìgbà tí èèyàn bá mu omi inú ife tán. Wákàtí mẹ́fà pé, wọ́n di báàgì.

Oṣù Kejìlá tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni fóònù dún láti Múńbáì. Ilé iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ fún ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ tuntun kan ń fẹ́ àgbà tó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ yàrá, ọdún méjì gbáko. Wọ́n fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Kí Titiu tọwọ́ bọ ọ́ kó tó di ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ fún Tia. Tia rọra gbé ìkòkò kalẹ̀.

"Ibì kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé mi tí mo fẹ́ ká dé," ni Titiu wí. "Ìyá àgbà kan ló sọ ọ́ fún mi, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi tó ogójì ìgbà. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni òun ò ti rántí ọkọ̀. Tí ilẹ̀ ibẹ̀ náà ò bá gbà mí dúró, Konsu, jọ̀ọ́, má bá mi jà. Màá padà sókun."

"Mi ò ní bá ẹ jà," ni Tia dáhùn. "Ó ti rẹ̀ mí jù."

Orúnkún ti ń dá Tia láàmú nígbà náà, wọ́n sì tọrọ mi lọ́wọ́ màmá mi kí n máa di ọwọ́ wọn mú. Bí mo ṣe bá wọn lọ sí Kachchh, ibi tí ìyá àgbà náà sọ, létí ààlà orílẹ̀-èdè wa, nìyẹn lẹ́yìn Kérésìmesì, nínú rélùwéè, lójú ọ̀nà tó jìn débi pé èdè tí àwọn tó ń ta tíì ń fi polówó yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Tia gbé ẹja gbígbẹ dání. Gbogbo àwọn tó bá wa wọ rélùwéè ló mọ̀.

Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ la dé ọ̀dọ̀ Sumarbhai, darandaran kan tó ń sin ẹfọ̀n, tó sì máa ń gba àlejò sínú àwọn ilé amọ̀ rẹ̀ roboto. Ó gbóòórùn báàgì Tia, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé ẹja wá sílé ẹlẹ́fọ̀n! Ibi tí òkun kú sí lẹ wá yìí o."

"Ẹ jẹ́ ká bá a sìnkú nígbà náà," ni Tia fèsì, "ẹja ló máa jẹ́ ẹlẹ́rìí."

Wọ́n fún wa ní búrẹ́dì ọkà bàbà pẹlẹbẹ pẹ̀lú bọ́tà àti wàrà gbígbóná. Ká tó jẹun tán, Titiu ti tún ilé amọ̀ gbá, wọ́n ti na aṣọ ibùsùn gbọnrangandan, wọ́n sì ti fi táwẹ̀lì ká ràkúnmí. Sumarbhai yọjú sínú ilé, ó wo ràkúnmí táwẹ̀lì, ó wo ti ara rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Ta ló gba bàbá yìí síṣẹ́? Èmi kọ́ o!"

Nírọ̀lẹ́, ó fi kẹ̀kẹ́ tí ràkúnmí ń fà gbé wa dé etí ibi tí iyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, aṣálẹ̀ ńlá tí òkun àtijọ́ gbẹ kúrò lórí ẹ̀, tó fi iyọ̀ nìkan sílẹ̀.

Mo ti ń gbìyànjú láti ọjọ́ náà láti rí ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ohun tí mo rí. Ilẹ̀ náà funfun. Kò sí igi kan, kò sí òkè kan, kò sí ilé, kò sí ẹyẹ. Ó tẹ́jú lọ, ó tẹ́jú lọ, títí ó fi bá ọ̀run pàdé lójú ìlà kan tó gún bí ẹni fi rúlà fà á. Ojú òkun nìkan ni mo ti rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí, láti etí omi tiwa. Ṣùgbọ́n èyí ò mì, kò pariwo. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ lé e, ó dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ bàtà mi, ẹ̀rù sì bà mí bí ìgbà tí mo bá fẹsẹ̀ rìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó dá páropáro. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìka ẹsẹ̀.

Tia bọ́ bàtà. Wọ́n gba ọ̀pá wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n ń rìn lọ, díẹ̀díẹ̀.

Titiu wo aago. Agogo márùn-ún. Wákàtí mẹ́fà ti pé.

"Konsu, ó tó. Ká máa padà."

Tia ò yíjú. "Padà síbo, Inas?"

"Agogo márùn-ún ti lù."

"Mo gbọ́. Máa lọ. Kí wọ́n má fi ẹ́ sílẹ̀."

Wọ́n sì ń lọ. Láti ẹ̀yìn wa, Sumarbhai ké sí Titiu: "Bàbá, ẹ tètè lọ mú ìyàwó yín o! Tí wọ́n bá rìn báyẹn lọ, orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn ni wọ́n máa bọ́ sí!"

Titiu dúró láàárín kẹ̀kẹ́ àti Tia. Mo rí ìwé àdéhùn náà tó yọrí nínú àpò ẹ̀wù wọn, àti bírò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.  Tia ti kéré bí ọmọdé, wọ́n tún kéré bí ẹyẹ, lẹ́yìn náà wọ́n kù bí àmì kékeré kan lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí.

"Ṣé bí mo ṣe máa ń rí nìyẹn tí mo bá ń lọ?" ni Titiu béèrè. Mi ò rò pé èmi ni wọ́n ń bi.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn tẹ̀ lé Tia. Nígbà tó yá, wọ́n ń sáré, ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, lórí iyọ̀, tí bàtà wọn ń dún.

Nígbà tí mo bá wọn, wọ́n ti jókòó sílẹ̀, èjìká kan èjìká. Oòrùn ń wọ̀ níwájú wa. Gbogbo ilẹ̀ funfun náà di àwọ̀ ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ó pupa díẹ̀, ó wá di àwọ̀ kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ ní èdè kankan. Mo yíjú sẹ́yìn. Òṣùpá ti ń yọ ní òdìkejì, ó tóbi, ó yí po, oòrùn ò sì tíì wọ̀ tán. Àwọn méjèèjì jọ wà lójú ọ̀run, àwa mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn.  Mo wo Titiu kí n lè mọ̀ bóyá àgbà tó ti rí gbogbo òkun ayé rí irú ẹ̀ rí. Ẹnu wọn ṣí sílẹ̀, omi ń ṣàn lójú wọn. Ọwọ́ Tia ló bo aago wọn.

Sumarbhai tún pariwo láti òkèèrè: "Ṣé ẹ fẹ́ sùn síbẹ̀ ni?"

"Ẹ dúró dè wá!" ni Titiu ké padà.

Tia wò wọ́n. Láyé Titiu, wọn ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ọkọ̀ kankan rí. Ràkúnmí sì dúró.

Ọjọ́ mẹ́jọ la lò níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Titiu àti Tia ń lọ sórí iyọ̀ náà, nígbà mìíràn láàárọ̀ nígbà tí ìrì bá mú un dán. Ní ọjọ́ karùn-ún, Titiu gbé fóònù, wọ́n sọ fún ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mo gbọ́ tí ẹni tó wà lórí fóònù ń bẹ̀ wọ́n. "Ọwọ́ mi ò dilẹ̀," ni Titiu sọ fún un. "Mo wà nísinmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ, Tia ò tíì jí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé amọ̀, mo ń mu wàrà. Titiu jáde wá, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń wo apá ibi tí funfun yẹn wà.

"Avelin, o bi mí ní nǹkan kan nígbà kan, lórí àtẹ̀gùn ilé wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Titiu."

"Mo ti rò ó," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo máa ń tètè kúrò."