Nígbà Tí Jẹ́lé-ó-sinmi Gba Ìsinmi

Malume ni ọmọ mi ń pè mí. Lédè àwọn Súlù, arákùnrin ìyá ẹni ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ náà ń lọ, ọkùnrin yòówù tó bá yọjú lẹ́nu géètì, malume ni. Ẹni tó ń gé koríko, malume. Ẹni tó ń já búrẹ́dì sílẹ̀, malume. Èmi bàbá tó bí i, malume. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ balùwẹ̀, ẹ̀rín náà ò bá mi wọlé.

Mi ò lè bá ọmọ wí. Iṣẹ́ panẹ́ẹ̀lì ni mò ń ṣe: ọkọ̀ tó bá fara gbá, èmi ni mo máa ń fi òòlù nà án títí ara rẹ̀ á fi tún dọ́gba. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń wọ takisí, ọmọ á sì ti sùn kí n tó dé. Ní Sátidé, ọkọ̀ àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ní Sọ́ńdè, ẹnì kan á ti fi bọ́ńpà gbá ògiri, á ní ṣé mo lè yà wá wò ó lẹ́yìn ìsìn. Mo máa ń yà. Kò sí ẹni tó fi túláàsì mú mi. Ó wù mí kí àwọn èèyàn máa wá mi ni.

Tí oṣù Kejìlá bá ti dé ìdajì báyìí, ńṣe ni Johannesburg máa ń tú. Kálukú á forí lé ìlú rẹ̀, takisí á gbé báàgì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí títí ẹ ó fi rò pé yóò dojú dé. Ọ̀gá mi ti ṣọ́ọ̀bù pa. Jẹ́lé-ó-sinmi náà lẹ ìwé mọ́ géètì pé ó di lẹ́yìn ọdún tuntun. Onídìrí nìkan ni kì í sinmi. Irun ni ìyàwó mi ń dì, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Turffontein, oṣù yẹn gan-an sì ni gbogbo obìnrin fẹ́ gbé orí tuntun lọ sílé. Kò lè gbé ọmọ lọ síbẹ̀, torí omi tó ń hó ni wọ́n ń ki ìdí irun bọ̀. Omi yẹn ti ta sí ọmọ ẹnì kan lára rí, ìyá oníṣọ́ọ̀bù sì ti sọ pé òun ò fẹ́ rí ọmọdé níbẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo dá ara mi lábàá. Mo ní, "Kí ló wà nínú ká tọ́jú ọmọ?" Ẹnu ara mi ló sọ ọ́.

Ìyàwó mi wò mí dáadáa. "Bàbá ọmọ mi, ẹ ṣé o. Ẹ jẹ́ ká wò ó di Fúráìdè. Tó bá jẹ́ bó ṣe ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí gbé tí ẹ bá ti fọwọ́ kàn án náà ló ṣì ń ké ní Fúráìdè, màá jókòó sílé. Kí wọ́n fi àga mi ní ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn."

Mo mọ ohun tí àga yẹn jẹ́ fún un. Ẹ̀yìn àga oníàga ló ti ń dúró láti ìgbà tí a ti dé ìlú yìí, kí wọ́n tó yọ̀ǹda tirẹ̀ fún un. Tó bá fi í sílẹ̀ ní Kejìlá, kò ní bá a níbẹ̀ mọ́.

Ní Mọ́ńdè, bí ìyá rẹ̀ ṣe ti ilẹ̀kùn báyìí ni ẹkún bẹ̀rẹ̀. Mo fún un ní ògì, ó di ẹnu pa. Mo tan àwòrán ọmọdé fún un lórí tẹlifíṣàn, ó tún ohùn gbé sókè kó lè borí rẹ̀. Mo gbé e, ó le gbagidi bí pákó. Mo ní, "Ó tó, ó tó. Dádì nìyí." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀, nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó tún mú ẹkún rẹ̀ bọ ẹnu.

Màmá àgbà kan wà ní yàrá tó kángun sí tiwa. Gogo la máa ń pè é, ìyẹn ìyá àgbà lédè wọn. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó máa wá gbé e lọ sílé ló ń dúró dè. Ó kan ilẹ̀kùn wa.

"Eish! Ṣé ò ń pa á ni?"

"Rárá o, gogo. Oúnjẹ ni mo fún un."

"Oúnjẹ kọ́ ló ń ké sí. Kò mọ̀ ẹ́ ni." Ó gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Pọ̀n ọ́n."

"Gogo, ọkùnrin ni mí."

"Mo rí i. Ṣé àwọn ọkùnrin yín ò ní ẹ̀yìn ni?"

Mo mú ìró ìyàwó mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń rí i tí màmá mi ń ṣe, mo ju ọmọ sẹ́yìn, mo so ó. Bí mo ṣe nàró, ọmọ yọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjá ìdí mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀. Gogo di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ni mo bá gbọ́ nǹkan lẹ́yìn mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Gogo bá mi tún ìró náà so, ó fún un gírígírí, ó ní kí n má ṣe tú u títí di ọ̀sán. Kò pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fi fun fèrè nísàlẹ̀, ó sì lọ.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìlú dá wáí. Róbọ́ọ̀tì, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú títì, á pọ́n, á di àwọ̀ ewé, á tún pọ́n, kò sí ọkọ̀ kan tó ń dá a lóhùn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jókòó sí ìkóríta rí mi pẹ̀lú ìró olódòdó láyà, wọ́n kí mi, "Heita, mama!" Mo fún wọn lésì bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, "Shap," pé kò burú. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ìbejì ni màá gbé wá lọ́la. Mo ra máńgòrò lọ́wọ́ ẹnì kan, ọmọ jẹ ẹ́ tèèpotèèpo lẹ́yìn mi, omi rẹ̀ ń ṣàn sí mi lọ́rùn, ó gba inú ṣẹ́ẹ̀tì mi wọlẹ̀. Mi ò nù ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti rìn lójú títì láì jẹ́ pé mò ń sáré lọ síbì kan.

Ẹ̀gbẹ́ pápá tí wọ́n ti ń sáré ẹṣin ni a máa ń rìn dé. Ọmọ rí ẹṣin kan, ó nàka sí i. "Ajá!"

"Ajá kọ́. Ẹṣin."

"Ẹ̀sín."

"Ẹṣin."

"Ẹ̀sín!"

Mo wo ara mi látòkè délẹ̀, mo ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo wá mọ̀ pé tí ẹ bá fi ṣíbí sí i lọ́wọ́, á mu ògì, ì báà jẹ́ pé etí ni ìdajì rẹ̀ ń lọ. Mo mọ̀ pé etí ara rẹ̀ ló máa ń dì mú sùn. Tí òjò ọ̀sán bá ṣú, tí àrá bá sán, àwọn ọmọ mìíràn á sá. Tiwa á pàtẹ́wọ́ fún un kó tún un ṣe. Inú ilé mi ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀ látọjọ́ yìí. Èmi ni mi ò sí níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi á wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Mo máa ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀ fún un.

"Ó sunkún?"

"Ó sunkún."

"Púpọ̀?"

"Kò tó ti àná."

Á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Á kan máa wo omi.

Ní Fúráìdè, fóònù ò jẹ́ n gbádùn. Màmá mi pè, ẹ̀gbọ́n mi pè, gbogbo wọn ń kí mi kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún, wọ́n sì ń béèrè ìgbà tí mò ń bọ̀. Oníbàárà kan pè láti ojú ọ̀nà pé bọ́ńpà òun tún ń mì. Ẹ̀wà wà lórí iná, mo ti ṣí ìgò epo pupa sórí tábìlì láti dà sí i. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, mo sì ti fọ sùtánà tí ìyàwó mi máa wọ̀ lọ́jọ́ Kérésì, mo lọ̀ ọ́, mo fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé bọ́ńpà ni mo ti gbọ́ pé ilé dákẹ́ jù. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ti da epo sára sùtánà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pa á sí i bí ẹni tó ń pa ìpara fún ọmọ tuntun.

Mo jágbe mọ́ ọn. Irú igbe tí mo máa ń ké sí ẹni tó wà ní òdì kejì ṣọ́ọ̀bù tí òòlù bá ń dún ni.

Kò sunkún. Ó fọwọ́ rọra ti ìgò náà sẹ́yìn, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó kọjú sí ògiri. Ẹkún tí mo ti ń sá fún láti Mọ́ńdè, mi ò mọ̀ pé mo lè wá a tì.

Mo lóṣòó, mi ò rí ojú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mi ò rí i síbẹ̀. Mo wá dojú bolẹ̀ pátápátá, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé táìsì. Mo ní, "Má bínú." Bàbá mi ò sọ ọ́ fún mi rí, èmi náà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ. Mo ní, "Aṣọ lásán ni. Dádì ló ṣe àṣìṣe." Ó yí orí padà díẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló fi wò mí.

Ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ti dún lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi dúró, ìyarun wà nínú irun orí rẹ̀.

"Ta lẹ ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Ọmọ ẹ."

"Kí lẹ ṣe é?"

"Mo jágbe mọ́ ọn."

Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tó bá sùtánà. Mo ní ó tán, àga ṣọ́ọ̀bù ti lọ nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fi ọṣẹ bá epo yẹn jà títí, ó sì ku àbààwọ́n kan lábẹ́ apá. Àfi tó bá gbọ́wọ́ sókè yin Olúwa ni ẹ fi lè rí i. Ṣùgbọ́n lásìkò yẹn, pupa ni gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Èmi náà jágbe mọ́ ọn lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ní. "Títí gogo fi wá kan ilẹ̀kùn. Mi ò sọ fún yín."

"Ṣé o dọ̀bálẹ̀ fún un?"

"Ṣé ọkùnrin ni mí? Mo kúnlẹ̀."

A bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yọ orí jáde lábẹ́ tábìlì láti wo ohun tó ń ṣe àwa méjèèjì.

Ìyàwó mi ní, "Mo fi oníbàárà sílẹ̀, ìdajì orí rẹ̀ ni mo dì. Mo purọ́ fún wọn pé mo fẹ́ ra nǹkan. Ọkàn mi ni ò balẹ̀. Fúráìdè nìyí." Ó wò mí. "Kí ni ká ṣe?"

"Mi ò mọ̀," mo ní. Òótọ́ ni.

Ó fa ọmọ jáde, ó fi ìdí ìró ara rẹ̀ nu epo ọwọ́ ọmọ. Ó ní, "Mọ́mì ń lọ síbi iṣẹ́. Ó dàbọ̀." Ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ ké. Ó dúró ti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ lù ú, ó tún lù ú, ẹkún náà sì ń kéré. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi lórí àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ pé ó fara ti ilẹ̀kùn lódì kejì, ó ń gbọ́. Mi ò dìde. Ọmọ yíjú padà, ó wò mí níbi tí mo jókòó sí lórí táìsì.

"Omi," ó ní.

Kò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Mo ti ń bu omi náà kí n tó gbọ́ bàtà ìyàwó mi, ó ń yára sọ̀ kalẹ̀ lọ.