Ẹran tí Màámi ń fi sílẹ̀ fún Bọ́dé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo purọ́ fún ìyá mi lónìí.

Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́ ní rélùwéè, mo yà sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo fi Màámi sí, nínú Enugu níbí. Ìgbò ni gbogbo wọn ń sọ níbẹ̀. Yorùbá nìkan ni Màámi gbọ́.

Nọ́ọ̀sì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Oga, Mama no dey chop meat o. We don reduce am."

Ìyá mi tó fẹ́ràn ẹran ni wọ́n dín ẹran kù fún! Inú bí mi. Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀.

"Màámi, ẹ ò jẹ ẹran mọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n jẹ ẹ́ tán láìṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọ-ọmọ mi? Bọ́dé ọmọ rẹ ni mò ń fi í sílẹ̀ fún. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún nọ́ọ̀sì, ó sì ń mi orí pé òun gbọ́. Ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Ẹran kankan kò dé ọ̀dọ̀ wa rí.

"Ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mà."

"Ó dáa. Mú tòní dání fúnra rẹ. Ó kéré o, kó má bínú."

Wọ́n fi bébà wé e fún mi.

Mo délé, Bọ́dé ní òun ti yó, ó sá jáde lọ ṣeré. N ò tíì mú un lọ kí Màámi rí.

Ẹran náà nìyí níwájú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kó jẹ ẹ́?