Àwọn Aláṣọ Tó Lọ Roko ní Gumani

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Tàmálè, lápá àríwá Gánà, ẹnu mi kì í sinmi ìbéèrè. Ìyá mi a ní bó bá ṣe pé wọ́n ń sanwó fún ìbéèrè ni, à bá ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ayé òyìnbó nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Sóńgò là ń gbé, àdúgbò àwa àlejò: Haúsá, àwọn àáfà ará Ìlọrin, àti àwa Yorùbá tí bàbá wa ń ta aṣọ. Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú jù: kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ ilé wa. Dàgọ́ńbà ni, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Tàmálè, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Gumani, tó jẹ́ abúlé tí oko yí ká nígbà yẹn. Bàbá rẹ̀ máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ bàbá mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti dọ̀rẹ́. Nígbà tí ọmọ náà wọ ilé-ìwé nígboro, bàbá mi ní kó máa sùn lọ́dọ̀ wa, kó má baà máa fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́. Ó ń bá wa jẹ túwó, ó ń pọnmi fún ìyá mi, kò sì pẹ́ tó fi ń fi Yorùbá bá wa ṣàwàdà. Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é.

Lọ́jọ́ kan ló sáré wọlé pé òun ti yege ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà, lọ́nà etí òkun lọ́hùn-ún. Mo bi ìyá mi pé kí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"Ibi tí wọ́n ti ń kàwé títí ìwé á fi tán ni."

"Ìyá, ṣé ìwé a máa tán?"

"Lọ bi ẹ̀gbọ́n rẹ, jẹ́ n gbọ́ ti ọbẹ̀ tó wà lórí iná."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà kò tíì mọ̀, bóun bá débẹ̀, òun á wá sọ fún mi.

Ìjọba ló máa sanwó ẹ̀kọ́, àmọ́ aṣọ, bùláńkẹ́ẹ̀tì, àpótí àti owó ọkọ̀, ọrùn àwọn òbí ni gbogbo ìyẹn wà. Bàbá mi gé aṣọ nínú ọjà rẹ̀, télọ̀ ìdí ilé wa rán an lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ìyá ará Ìlọrin di ẹ̀pà yíyan fún un. Ó wọ lọ́rì lọ sí Kùmásì, ó gba ibẹ̀ kọjá.

Ìgbà òjò ló kọ́kọ́ padà wá fún ìsinmi. Gumani ló ń sùn, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ìlú, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ ń yà sí. Ṣé orí ibùsùn ni wọ́n ń sùn? Ṣé òyìnbó ń bá wọn jẹun? Báwo ni òkun ṣe rí? Ó ní òkun kì í sinmi, ó dà bí omi tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo ronú sí i títí.

Nígbà tí ìsinmi ń parí lọ, mo béèrè ọjọ́ tí lọ́rì rẹ̀ máa gbéra. Ó tẹ̀ba, ó ń gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tún béèrè.

"Mi ò padà mọ́, àbúrò mi," ló wí.

Ó ṣàlàyé fún mi. Ojú bàbá rẹ̀ tó ti ń ṣe bàìbàì tẹ́lẹ̀ ti fọ́ pátápátá. Ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn àbúrò rẹ̀ kò tíì lè dá oko ro, koríko sì ti fẹ́ bo ọkà bàbà wọn. "Bí mo bá lọ, kí ni wọ́n máa jẹ?"

Ìgbà yẹn nìkan ni ìbéèrè tán lẹ́nu mi. Mo sáré lọ bá bàbá mi ní ìsọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásàárì, bàbá mi dìde níwájú mọ́sáláṣí, ó ní òun ń bẹ ọ̀wẹ̀, oko ọ̀rẹ́ òun kan ló fẹ́ bàjẹ́. Oníṣòwò kan ní, "Ọmọ Dàgọ́ńbà ni. Ṣé àwọn èèyàn tirẹ̀ kò sí ni?"

Àáfà àgbà, ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í sábà ròkè, dá a lóhùn: "Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun nínú abọ́ wa. Ìgbà wo lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ẹ̀yà rẹ̀?"

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, àwọn aláṣọ àti olóbì kó ọkọ́ tí wọ́n yá sí èjìká, ó di Gumani. Èmi àti ìyá mi ru omi àti fúrá tẹ̀ lé wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí ọwọ́ wọn kò mọ̀ ju kí wọ́n wọn aṣọ lọ, kí ọ̀sán tó pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ wọn ti bó. Bàbá mi gé ọkà pọ̀ mọ́ koríko, àwọn ọmọ abúlé sì ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwọn ọmọ náà lọ mú ọkọ́ wá, àwọn bàbá wọn tẹ̀ lé wọn, oko wá kún fún èèyàn.

Bàbá afọ́jú náà ń fọwọ́ tọ́ ebè wò, láti orí ọ̀kan dé òmíràn. Ó sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa: "Ó ní ọwọ́ yín kò mọ oko, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín mọ ọ̀nà ilé òun." Lẹ́yìn náà ni bàbá náà kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n kò túmọ̀ ìyẹn. Ó bú sẹ́kún. Ìyá mi, tó gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn, ló rọra sọ ọ́ sí mi létí: "Ó ní kó máa lọ."

Ó lọ. Ní gbogbo ìgbà òjò títí ó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn ará Sóńgò àti ará Gumani jọ ń ro oko náà. Nígbà tó di tíṣà, ó wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ Yorùbá, ó ní kí bàbá mi yọ̀ǹda mi fún ilé-ìwé. Bàbá mi ní obìnrin ni mí. Ẹ̀gbọ́n ní, "Bàbá, ta ló tún máa dáhùn gbogbo ìbéèrè yìí?" Bí èmi náà ṣe mọ ìwé kọ nìyẹn.

Ayé ti yí. Lónìí, yunifásítì wà nílé wa níbí, ọ̀kadà làwọn ọmọ-ọmọ mi ń gùn lọ, ilé sì ti ń hù ní Gumani níbi tí ọkà ti ń hù. Owó ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà wà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé ọmọ kan pa ẹ̀kọ́ rẹ̀ tì lágbedeméjì, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ọ̀lẹ ni, mo ṣì máa ń fẹ́ béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ọmọ mi: ṣé ẹnì kan ti dé ilé wọn wò?