Agbẹ̀bí Tó Ń Fi Òrùka Sí Ẹyẹ Lẹ́sẹ̀

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ létí ọ̀sà, níbi tí àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ máa ń bà sí lọ́dọọdún bí wọ́n bá ti ọ̀nà jíjìn dé. Wọ́n á ta àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín ìfefe, wọ́n á rọra yọ ẹyẹ tó bá kó sí i sínú àpò aṣọ, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi òrùka tó ní nọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tó bá tún mú un níbòmíràn á mọ ibi tó ti wá.

Ọwọ́ tó ti gba ọmọ oníkílò mẹ́rin láìgbọ̀n, ẹyẹ oní gíráàmù méjìdínlógún ló mú un gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà.

"Ẹ mú ẹyẹ, ẹ ò pa á?"

"A ò pa á."

"Ẹ ò tà á?"

"A ò tà á."

"Arúgbó tó ń kó ẹyẹ sínú àpò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé o mọ orúkọ tí àwọn ará àdúgbò máa sọ ọ́?"

"Wọ́n ti sọ mí tipẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì gbọ́."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá tẹ̀ lé e lọ. Bó ṣe gbójú sókè tó ń wo ẹyẹ, inú àwọ̀n ló rìn wọ̀ tààrà. Bó ṣe ń jà ni àwọ̀n ń wé mọ́ ọn: ó mú bọ́tìnnì, ó mú awò ojú, ó mú irùngbọ̀n. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n jọ há síbẹ̀ ń wò ó.

Ìyàwó rẹ̀ dé, ó kọ́kọ́ yọ àwọn ẹyẹ.

"Èmi ńkọ́?"

"Àwọn ló ṣáájú yín dé, ọ̀nà wọn sì jìn." Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn tó fi ń bá aboyún sọ̀rọ̀ sọ fún un pé, "Ẹ mí sínú, ẹ mí síta. Ẹ má fipá ṣe é."

Tíṣà àgbà tó ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Akọ kan. Ó ti dàgbà dáadáa. A kò fi òrùka sí i, ó ti ní ọ̀kan lọ́wọ́."

Nígbà tí wọ́n fi òrùka sí ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ náà lẹ́sẹ̀ tán, ìyàwó gbé e lé ọkọ rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Àyà ẹyẹ náà ń lù kìkìkì. Ẹyẹ jókòó díẹ̀, ó yàgbẹ́ sí i lọ́wọ́, ó fò lọ.

"Ó yàgbẹ́ sí mi lọ́wọ́," ni bàbá wí, bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó ní òpó tí wọ́n fi ń ta àwọ̀n wọ́, ó ń ti èèyàn lójú. Lọ́jọ́ Ajé, ó fá òpó tuntun méjìlá fún wọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìròyìn dé pé wọ́n ti ka nọ́ńbà òrùka ẹyẹ náà ní ilẹ̀ olótùútù kan, lókè òkun. Lọ́jọ́ náà, oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wá béèrè ilẹ̀kùn tó ní kó bá òun kàn.

"Ó ti dé," ni káfíńtà wí.

"Ilẹ̀kùn mi?"

"Ẹyẹ mi. Ẹ jókòó, kí n sọ fún yín."