Iyán Tí Bàámi Jí Jẹ

Ní ilé wa ní Àrẹ̀mọ, ìtọ̀ bàámi la kọ́kọ́ máa ń gbé kaná láràárọ̀, ká tó gbé omi ẹ̀kọ kaná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ku ọdún díẹ̀ ká gba òmìnira.

Télọ̀ ni bàámi. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lọ́nà Bẹẹrẹ, ìyá mi sì ń ta aṣọ òfì ní Òjé. Èèrà ló tú àṣírí àìsàn náà. Bàámi ti ń rù, wọ́n ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀, ìyá mi rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Àfi ìgbà tó di pé ibi tí bàámi bá tọ̀ sí lẹ́yìn ògiri, èèrà á bò ó pátápátá. Ní ọsibítù, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, pé kò ní lọ, pé a ó kàn máa bá a gbé ni.

Nọ́ọ̀sì kan kọ́ èmi àti ìyá mi ní ohun tí a ó máa ṣe. A ó da oògùn olómi kan tó ní àwọ̀ aró sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó kán ìtọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹjọ, a ó sì gbé e sórí àtùpà sípíríìtì títí yóò fi hó. Bí àwọ̀ aró náà bá dúró, ṣúgà ò sí nínú ìtọ̀. Bó bá dà bí ewé, ṣúgà ti ń wọlé. Bó bá pọ́n bí amọ̀ pupa, ewu ti dé. Èyí ni ìyá mi fi ń mọ bí oògùn abẹ́rẹ́ ọjọ́ náà ṣe máa pọ̀ tó. Inú yanrìn tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò amù la ń tọ́jú oògùn yẹn sí, torí a ò ní fíríìjì.

Bàámi kì í ṣàròyé abẹ́rẹ́. Iyán tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n yẹra fún ni wọ́n ń ṣàárò. Tí odó bá ń dún nírọ̀lẹ́ ní agboolé kejì, wọ́n á dáwọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe dúró, wọ́n á tẹ́tí.

"Iyán yẹn ti kúnná," wọ́n á sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bíi pé wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé díẹ̀ wá láti oko. Bàámi bẹ̀bẹ̀ títí ìyá mi fi gbà: bí ìtọ̀ bá mú àwọ̀ aró fún òwúrọ̀ mẹ́ta léraléra, a ó gúnyán lọ́jọ́ Ìsinmi tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Òwúrọ̀ kìíní dára. Ìkejì náà dára. Ní ìkẹta, mo bá bàámi lẹ́yìnkùlé, kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ wọn.

"Ọmọ mi, ṣé o ti tọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Rárá, sà."

"Bá mi tọ̀ sínú èyí. Má sọ fún ìyá ẹ."

Mo ṣe é. Bóyá mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n jẹ iyán náà ju bí àwọn fúnra wọn ṣe fẹ́ ẹ lọ. Ìtọ̀ mi hó, kò yí àwọ̀ padà, ìyá mi sì bú sẹ́rìn-ín: "Olúwa ṣeun! Bàbá ọmọ mi, ẹ kú oríire!" Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, bàámi ò yára jẹun. Wọ́n á bu òkèlè kékeré, wọ́n á wò ó, wọ́n á dijú kí wọ́n tó gbé e mì. Wọn ò wo ojú mi.

Ì bá dára ká ní ó parí síbẹ̀. Àmọ́ láràárọ̀ ni kọ́ọ̀pù ń dúró dè mí. Bí ìyá mi ṣe ń rí àwọ̀ aró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dín oògùn kù bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wọn, tí wọ́n sì ń fi kún oúnjẹ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Egbò kékeré kan tó wà lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ tí bàámi fi ń tẹ máṣíìnì kọ̀, kò jinná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ará ṣọ́ọ̀bù kejì sáré wá pè wá: bàámi ti gbórí lé máṣíìnì, wọn ò dáhùn mọ́.

Orí bẹ́ńṣì ní ọsibítù ni mo ti jẹ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ tán fún ẹgba lọ́kàn mi. Ìyá mi ò nà mí. Wọ́n ń ká etí ìró wọn.

"Èmi ni mo fi oúnjẹ du bàbá ẹ," wọ́n ní, "tí wọ́n fi dolè nínú ilé ara wọn."

Bàámi padà wálé láìní ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì. Ìyá mi ti gbé odó wa fún aya ilé kejì. Kò sẹ́ni tó jẹ iyán mọ́ lábẹ́ òrùlé wa. Ohun tí bàámi bá jẹ ni gbogbo wa ń jẹ, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n dé, bàámi pè mí jókòó.

"Ohun tí mo ní kí o ṣe yẹn ò dáa. Dárí jì mí."

N kò tíì gbọ́ kí àgbà bẹ ọmọdé rí. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà," bàámi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Láti ìgbà yẹn, lọ́sàn-án Sátidé, a máa ń rọra gun òkè Màpó, ọwọ́ wọn á wà léjìká mi. Wọ́n á máa nawọ́ sí àwọn òrùlé nísàlẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, ní Beyerúnká, ìyá àgbà kan máa ń dín mọ́sà tó gbóná janjan. Lọ́nà Ọjà'ba, àádùn. Ní Oríta-mẹ́rin, dùńdú, ata rẹ̀ á máa ta létè títí wàá fi délé. Wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹ́, òjò tó ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọdún ń lọ, ojú wọn ń ṣú, síbẹ̀ wọ́n ń nawọ́.

Mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà tí wọ́n kú, ní àárín sáà ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo nìkan gun òkè náà. Mo wá ilé ìyá onímọ́sà títí. Òrùlé páànù tó dípẹtà ló kún ilẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn.