Erékùṣù tí mo lọ láìsọ fún Bàbá

Mo ti lọ́kọ o! Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí èmi àti Kásíìmù ti fọwọ́ síwèé n'Íkẹjà láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ayọ̀ mi kún!

Erékùṣù jíjìn kan la ti lọ ṣe fàájì, ìlú ṣójà àtijọ́ tí òjò kì í dá.

Lónìí tí mo jẹ́wọ́ fún Bàbá mi, mo fi fọ́tò ibojì àwọn ṣójà ibẹ̀ hàn wọ́n. Bàbá, tí wọ́n ti ṣe ṣójà rí, bá kígbe:

"Ibẹ̀ la ti jagun! Ibẹ̀ la sin Lámídì ọ̀rẹ́ mi sí. Ṣé o rí orúkọ ẹ̀?"

"Òjò lé wa, Bàbá."

"O ò bá ti sọ fún mi. Ǹ bá ní kí o bá mi kí i."

Mo kúnlẹ̀ bẹ Bàbá, wọ́n sì dárí jì mí.

Wọ́n máa so yìgì wa nílé Bàbá l'Ágége, a ó sì ṣàdúà fún Lámídì. Ṣé ẹ máa wá? Sátidé tó ń bọ̀ o!